Ṣé Ẹ Mọ̀? Ère Ìbejì Ìbàràpá àti Àwọn Ère Gíríìkì

Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn Gíríìkì àtijọ́ náà ní ìbejì tí wọ́n ń bọ? Kastor àti Polydeukes ni orúkọ wọn. Ọmọ Zeus ni wọ́n ń pè wọ́n. Zeus yìí ni olórí òrìṣà wọn, òun ni ó ni ààrá, òun ni ó ń fi mànàmáná jà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka èyí nígbà tí mo kọ́kọ́ bá a pàdé, nítorí ọ̀dọ̀ Ṣàngó ni àwọn baba wa náà máa ń ka ìbejì sí. Kò sí ọkọ̀ tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí láti Sparta, ìlú Kastor àti Polydeukes, wá sí Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì ní Ìbàràpá, kò sì sí èyí tí ó gbé e láti Igbó-Ọrà lọ sí Sparta.

Ìtàn wọn wọni lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì lè kú, èkejì kò lè kú. Nígbà tí Kastor kú sójú ìjà, Polydeukes kọ̀, ó ní òun kò ní dá wà. Ó bẹ Zeus kí ó jẹ́ kí òun bá èkejì òun pín àìkú òun. Láti ìgbà náà, wọ́n jọ ń lo ọjọ́ kan lọ́run, wọ́n á tún jọ lo ọjọ́ kejì nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òkú. Ìyá tí ó bí Táyé àti Kẹ́hìndé, tí ọ̀kan sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìtàn yẹn fún un.

Ère wọn ńkọ́? Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ère ìbejì yìí tí àwọn ará Sparta ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe idẹ. Igi méjì ni, tí wọ́n nà ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n wá fi igi méjì mìíràn dábùú láti so wọ́n pọ̀. Kò ní ojú, kò ní imú. Igi méjì tí kò lè fi ara wọn sílẹ̀ ni.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta wọ Igbó-Ọrà yóò rí àkọlé tí ó ń kí i káàbọ̀ sí ìlú ìbejì. Àkọlé náà kò parọ́. Láàrin ọdún 1972 sí 1982, dókítà kan tí ń jẹ́ Patrick Nylander ka ìbímọ ní agbègbè náà, ó sì rí ìbejì 45 sí 50 nínú gbogbo ìbímọ 1,000. Ìlọ́po mẹ́rin iye tí wọ́n ń rí ní Yúróòpù nígbà náà ni. Ẹ bi àwọn ìyá lójà, wọn yóò ní ọbẹ̀ ilasa ni, ewé ilá tí a fi ń jẹ àmàlà. Àwọn oníṣègùn kò tíì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gba ìkòkò ilasa kúrò lórí iná ní Ìbàràpá nítorí ìyẹn. Láti ọdún 2018 ni àwọn èjìrẹ́ ti ń kóra jọ síbẹ̀ fún ọdún ìbejì ńlá, tọmọdé tàgbà, nínú aṣọ kan náà.

Ohun tí àkọlé kò sọ ni pé ìbejì tí ó pọ̀ tó báyẹn, ikú wọn pọ̀ láyé àtijọ́. Ọmọ tí wọ́n jẹ́ méjì nínú ikùn kan sábà máa ń kéré nígbà tí wọ́n bá dé ayé, kò sì sí ọsibítù. Bí ọ̀kan bá lọ, babaláwo yóò ní kí wọ́n lọ gbẹ́ ère fún un, kí ọ̀kan tí ó kù má baà tẹ̀ lé e, kí ọkàn tí àwọn méjèèjì jọ ń lò lè rí ibi jókòó sí.

Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn ère yẹn dáadáa. Inú yàrá ìyá àgbà kan ní Èrúwà, ní Ìbàràpá kan náà, ni ó wà, lórí àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí oòrùn àárọ̀ máa ń kàn. Kò ga ju láti ọrùn ọwọ́ mi dé ìgúnpá lọ. Irun orí rẹ̀ ga sókè bíi ṣóńṣó òkè, àwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sì ti wọ inú fínfín rẹ̀ pátápátá. Osùn ti gan mọ́ abẹ́ apá rẹ̀ àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀, níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa wà ní ìdí rẹ̀. Ìṣó kéékèèké ni agbẹ́gilére fi ṣe ẹyin ojú rẹ̀, àwọn ìṣó náà sì ń dán, ṣùgbọ́n imú kò sí mọ́, ètè kò sí mọ́. Ojú náà ti dán bí orí òkúta inú odò. Kì í ṣe ikán ni ó jẹ ẹ́. Ọwọ́ ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń fi epo àti ẹ̀wà kan ẹnu rẹ̀, tí wọ́n ń nù ún, títí tí ìfẹ́ fi pa ojú náà rẹ́.

Nítorí ère yẹn ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé lórí ère àwọn Gíríìkì. Ẹnì kan tí ó kàwé wò ó lójú mi, ó ní kò jọ ènìyàn, ó ní orí rẹ̀ ti tóbi jù. Mo fẹ́ mọ ibi tí a ti rí ọ̀pá ìwọ̀n tí a fi ń wọn orí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹnì kan kọ ìwé lórí ìwọ̀n yẹn? Polykleitos ni, ará Argos. Ní nǹkan bí ọdún 440 kí wọ́n tó bí Jésù, ó da ère idẹ ọkùnrin kan tí ó gbé ọ̀kọ̀ sí èjìká, ó sì kọ ìwé tí ó pè ní Canon, níbi tí ó ti ṣe àlàyé bí ìka ọwọ́ ṣe yẹ kí ó bá àtẹ́lẹwọ́ mu, kí àtẹ́lẹwọ́ bá apá mu, títí dé gbogbo ara. Ìwé náà ti sọnù. Ère idẹ náà ti sọnù. Èyí tí àwọn ará Róòmù fi òkúta mábù ṣe àwòkọ rẹ̀ ni ó kù, ọ̀kan jáde láti inú ilẹ̀ Pompeii. Nínú rẹ̀, orí jẹ́ ìdá kan nínú méje gígùn ara. Ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Lysippos ní kí orí kéré sí i, ó sọ ọ́ di ìdá kan nínú mẹ́jọ, ara sì wá rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ìwọ̀n tí àwọn ọkùnrin méjì yìí fi lélẹ̀ ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ọnà Yúróòpù gbà bí òfin, òun ni wọ́n sì kó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ti àwọn agbẹ́gilére wa ni kí orí jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, nígbà mìíràn ìdá kan nínú mẹ́ta. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ìwọ̀n ènìyàn. Orí ni a ń bọ kí a tó bọ òrìṣà, inú rẹ̀ ni kádàrá wà. Bí ère bá ní orí kékeré, kí ni ó fẹ́ gbé lọ sí ayé? Ṣùgbọ́n ẹ tún gbọ́ èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ. Ọmọ tuntun, bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ìyá rẹ̀, orí rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn rẹ̀. Ẹ lọ bi agbẹ̀bí. Ère ìbejì ní ọyàn bí àgbà, ó ní ilà ojú, ó di irun bí ẹni tí ó ti tó gbé ìyàwó tàbí tí ó ti tó lọ sílé ọkọ, síbẹ̀ ìwọ̀n ara rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Lójú tèmi, agbẹ́gilére fi ọmọ tí ìyá sin àti àgbàlagbà tí ìyá kò ní rí mọ́ sínú igi kan ṣoṣo. N kò rí ibi tí Polykleitos ti gbìyànjú irú rẹ̀.

Iṣẹ́ náà ní ìpele, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń ṣá igi. Fadá Kevin Carroll, tí ó bá àwọn agbẹ́gilére Èkìtì gbé ní Ọ̀yẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1950, kọ orúkọ àwọn ìpele náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é: ọnà lílé, níbi tí wọ́n ti ń fi àáké là á sí orí, ara àti ẹsẹ̀, àlétúnlé, níbi tí wọ́n ti ń ya etí àti ọwọ́, dídán, fínfín. Ilé ìgbẹ́gi kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti mọ́ ọn yóò wo etí àti ìpéǹpéjú, yóò sì sọ fún yín pé ọwọ́ ilé Adúgbológe ní Abẹ́òkúta ni èyí, kì í ṣe ti ìlú mìíràn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé kí Polykleitos tó dé, àwọn Gíríìkì pàápàá ń gbẹ́ ère tí ó dúró ṣánṣán bíi ti Táyé àti Kẹ́hìndé? Wọ́n ń pè é ní kouros. Ọwọ́ méjèèjì wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ojú ń wo iwájú, ẹsẹ̀ òsì yọ síwájú díẹ̀, èyí tí wọ́n rí kọ́ lára àwọn ará Íjíbítì. Púpọ̀ nínú wọn, orí sàréè ọ̀dọ́ ni wọ́n ń nà án ró sí. Ọ̀kan wà ní mùsíọ́mù ìjọba ní Athens, ó ga tó ènìyàn gíga, ti Kroisos, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kú sí ojú ogun. Ó dúró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò ní ọgbẹ́ kankan lára.

Èyí tí ó mú mi lọ́kàn jù ni ti ọmọbìnrin kan, Phrasikleia. Ọdún 1972 ni wọ́n hú ère rẹ̀ jáde lábúlé kan nítòsí Athens, lẹ́yìn tí ó ti lo ohun tí ó ju 2,400 ọdún lọ nínú ilẹ̀. Kò tíì lọ sílé ọkọ kí ó tó kú. Wọ́n dé e ládé òdòdó, wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, ó mú òdòdó kan lọ́wọ́, aṣọ rẹ̀ pupa. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń sọ pé wúńdíá ni wọn yóò máa pè é títí láé, nítorí orúkọ yẹn ni àwọn òrìṣà fi dípò ìgbéyàwó fún un. Aristion ará Paros ni ó gbẹ́ ẹ, ó sì fín orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ère Èrúwà: ọmọ tí ó kú láìtọ́jọ́, tí wọ́n wọ̀ ní aṣọ àgbà, tí wọ́n fún ní ìlẹ̀kẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 480 kí wọ́n tó bí Jésù, ẹnì kan ní Athens dán nǹkan tuntun wò. Ère ọmọdékùnrin kan ni, kò ga rárá, wọ́n ń pè é ní Ọmọ Kritios. Ó gbé gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ lé ẹsẹ̀ kan, ó dẹ èkejì sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹ lọ dúró ní gáréèjì ní Igbó-Ọrà láàárọ̀, kí ẹ wo ẹni tí ó ti ń dúró de ọkọ̀ láti bí wákàtí kan. Orúnkún kan yóò dẹ̀, ìbàdí tòdì-kejì yóò gbéra sókè, èjìká yóò wálẹ̀ láti bá a dọ́gba, ọ̀pá ẹ̀yìn yóò sì tẹ̀ díẹ̀. Gbogbo ohun tí ó ń jẹ́ ère Gíríìkì lójú ayé kò ju ìyípadà kékeré yẹn lọ. Òkúta di ẹni tí ó lè rìn lọ nígbàkúùgbà. Ìdúró yẹn kọjá sí Róòmù, ó sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, Michelangelo jí i nínú ère Dáfídì tí ó gbẹ́ láàrin 1501 sí 1504, títí dòní sì ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń fi ṣe ère tí wọ́n ń fi aṣọ hàn lára rẹ̀.

Agbẹ́gilére wa kò fẹ́ ẹ. Ère tiwa fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ bákan náà, ọrùn nà, ojú tutù. Ẹni tí ó bá dúró báyẹn kò retí ọkọ̀ kankan. Ó ti dé.

Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn ère Gíríìkì kò funfun? Wọ́n kùn wọ́n ni: irun dúdú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, ètè pupa, aṣọ aláràbarà. Òjò àti ilẹ̀ ni ó fọ̀ ọ́ dànù. Nígbà tí àwọn ará Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í hú wọn jáde ní bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, òkúta funfun ni wọ́n rí, wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wà, wọ́n sì fi funfun ṣe ẹwà. Ìgbàgbọ́ náà le débi pé ní ọdún 1937 àti 1938, àwọn òṣìṣẹ́ British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù fi irin họ ara àwọn ère Parthenon, ilé òrìṣà ńlá kan ní Athens, kí wọ́n lè funfun sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn Gíríìkì fúnra wọn ń ṣe. Ère Athena, òrìṣà obìnrin tí ó ni ìlú Athens, tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù lọ níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí Pheidias, oníṣẹ́ ọnà wọn, fi wúrà àti eyín erin ṣe. Ère igi ólífì kan ni, tí ó ti pẹ́ débi pé wọ́n ní ọ̀run ni ó ti já bọ́. Lọ́dọọdún, àwọn obìnrin yóò bọ́ aṣọ rẹ̀, wọn yóò tọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìwẹ̀nù rẹ̀, wọn yóò tún wọ̀ ọ́ láṣọ. Àwọn ọmọbìnrin ìlú ni ó ń hun aṣọ tuntun fún un. Obìnrin Athens ayé ìgbà yẹn, bí ó bá wọ yàrá ìyá àgbà Èrúwà, tí ó bá a níbi tí ó ti ń fi osùn pa ère lára, kò ní bi í léèrè pé kí ni ó ń ṣe. Yóò ká apá aṣọ rẹ̀ sókè láti ràn án lọ́wọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ Frobenius wá kù. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1910. Ó rí orí amọ̀, ó rí orí idẹ tí ó ti inú igbó Olókun jáde, ó rí ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó dà bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ wà lábẹ́ wọn. Dípò kí ó bèèrè ilé àwọn alágbẹ̀dẹ, ó ní àwọn Gíríìkì ni ó ti tẹ̀dó síbẹ̀ láyé àtijọ́, pé àjẹkù Atlantis, ìlú tí òkun gbé mì nínú ìwé Plato, ni Ifẹ̀. Ní oṣù January 1911, New York Times gbé e jáde fún gbogbo ayé. Ó ṣì ń dùn mí. Frobenius fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bí ó ti yẹ lọ, kò sì lè gbà pé àwọn tí ó dúró níwájú rẹ̀ ni ọmọ àwọn tí ó ṣe é.

Ilẹ̀ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó dá a lóhùn. Ní ọdún 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́bàá ààfin, fi ọkọ́ kan idẹ, orí tí ó ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sì jáde. Iṣẹ́ ìda ni gbogbo wọn: wọ́n fi ìda oyin mọ ojú lé amọ̀, wọ́n tún fi amọ̀ bò ó, wọ́n fi iná yọ́ ìda náà jáde, wọ́n wá da idẹ sí ipò rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àwọn Gíríìkì ń gbà da ère tiwọn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ifẹ̀ da òmíràn pẹ̀lú bàbà tí kò ní àdàlù, bí ìbòjú Ọbalùfọ̀n. Ìyẹn le púpọ̀, nítorí bàbà kì í yọ́ títí iná yóò fi kọjá 1,080 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí ó bá sì yọ́ tán, kì í fẹ́ ṣàn wọ kọ̀rọ̀.

Èyí tí ó pa ẹnu gbogbo àwọn tí ó gba ọ̀rọ̀ Frobenius gbọ́ mọ́ jáde ní Ìta Yemòó ní ọdún 1957: ère idẹ ọba kan, láti orí dé ẹsẹ̀, kò ga tó àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà. Ojú rẹ̀ jẹ́ ojú ènìyàn gan-an, irú èyí tí Frobenius pè ní ti Gíríìkì. Orí rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ara rẹ̀. Ìwọ̀n agbẹ́gilére Ìbàràpá ni, ní bí ẹgbẹ̀rin ọdún tàbí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn.

Ọ̀kan nínú àwọn orí Wúnmọníjẹ̀ wà ní British Museum láti ọdún 1939, lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú àwọn ère Parthenon tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rà lọ́wọ́ Lord Elgin ní 1816. Àwọn Gíríìkì ṣì ń bèèrè tiwọn. Méjì mìíràn tí William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kó lọ sí ìlú rẹ̀ padà wálé ní 1950. Orí Olókun fúnra rẹ̀ di àmì eré ìdárayá gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ní Èkó ní 1973.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí ọnà Gíríìkì àti tiwa ti pàdé nínú ọwọ́ kan, ẹ lọ wo Ṣàngó tí Ben Enwonwu dà ní idẹ fún ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Marina, Èkó, ní 1964. Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti kọ́ ìwọ̀n ara, agbẹ́gilére sì ni bàbá tí ó bí i.

Kí àwọn agbẹ́gilére tó dínkù tán, àwọn ìyá kan ti ń fi bèbí oníke rọ́pò ère ìbejì. Lẹ́yìn náà fọ́tò dé. Ní àárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn ayafọ́tò ní ìlú Ìlá Ọ̀ràngún mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: bí ọ̀kan bá ti kú, wọ́n á ya ọ̀kan tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kan náà, Táyé yóò sì jókòó ti Kẹ́hìndé lórí àga. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá ni wọ́n, ẹyọ ọmọ kan náà yóò wọ aṣọ ọkùnrin, yóò bọ́ ọ, yóò wọ ti obìnrin.

Ìyá àgbà Èrúwà ti lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó ń gbé inú yàrá náà báyìí, kì í bọ nǹkan kan, Bíbélì rẹ̀ wà lórí àpótí kan náà. Nígbà tí mo yà síbẹ̀ kẹ́yìn, ó ń gbálẹ̀. Ó gbé ère náà, ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku ojú rẹ̀, ó gbé e padà, ó sì tún un yí díẹ̀ kí ó lè kọjú sí ẹnu ọ̀nà.